Bátìrì Kún, Bàálù Kò Fò

Nílé tí iná ìjọba kì í ti í dúró, kò sẹ́ni tí a ń kọ́ ní àṣà yìí: bí wọ́n bá ti mú iná wá, gbogbo ohun tó ní bátìrì ni a ó sáré fi sí iná. Fóònù, tọ́ọ̀ṣì, rédíò, fáànù alágbèéká, gbogbo wọn ni yóò kún kí wọ́n tó tún mú un lọ. Àṣà tó dára ni, ó sì ti yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú òkùnkùn. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ bátìrì bàálù kékeré tí a ń fi rìmóòtù darí, tàbí ti dúróònù, àṣà yìí gan-an ló ń pa wọ́n. Àwọn bátìrì wọ̀nyí kò fẹ́ kí a fi àwọn sílẹ̀ ní kíkún, wọn kò sì fẹ́ kí a fi àwọn sílẹ̀ ní òfìfo. Ẹni tó fi wọ́n sí iná lálẹ́ Jímọ̀, tí òjò wá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé tí kò dá títí ilẹ̀ Sọ́ńdè fi ṣú, iṣẹ́ ti dé bá a. Ó gbọ́dọ̀ fa iná náà wálẹ̀ fúnra rẹ̀, nínú ilé, láìjẹ́ kó di ìjàǹbá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka iṣẹ́ yìí sí fífi iná ṣòfò, pàápàá bó bá jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi kún un. Ó yé mi pé epo wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iná tí à ń sọ ṣe tó. Bátìrì tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń wa bàálù kékeré ni irú bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí à ń pè ní LiPo, tí wọ́n kọ 3S àti 2200 mAh sí lára. Gbogbo iná tó lè gbà kò ju wáàtì-wákàtí 24 àti díẹ̀ lọ. Ìdajì rẹ̀ tí a fẹ́ fà dànù kò lè yí fáànù wáàtì 60 ju bí ìṣẹ́jú 12 lọ. Owó tó ń sọnù ní ti gidi ni owó bátìrì tó wú nínú àpótí kó tó pé ọdún kan.

3S yẹn ń sọ fún wa pé sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló wà nínú bátìrì náà, tí wọ́n so ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 3.7 lórí ìwé, òun ló fà á tí a fi ń rí 11.1 lára rẹ̀. Bó bá kún tán, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wà ní 4.2, àpapọ̀ sì jẹ́ 12.6. Kò yẹ kí èyíkéyìí nínú wọn rẹlẹ̀ ju fóòtì 3 lọ láéláé. Ibi tí ara ti máa ń tù wọ́n jù, bí wọn ò bá níí ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ni 3.8 sí 3.85 fún sẹ́ẹ̀lì kan, èyí tí í ṣe 11.4 sí 11.55 fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bátìrì tó wà níbẹ̀ ṣì ní bí ìdajì iná rẹ̀ nínú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àárín? Inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni omi kẹ́míkà kan wà tó ń gbé lítíọ́ọ̀mù láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá wà ní 4.2, omi yìí kì í lè dúró jẹ́ẹ́. Ó ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń di gáàsì, gáàsì náà kò sì rọ́nà gbà jáde nítorí inú àpò tí wọ́n lẹ̀ pa ló wà. Àpò náà á bẹ̀rẹ̀ sí wú. Bó ti ń wú, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ láti tú iná jáde kíákíá ń dínkù, títí awakọ̀ yóò fi rí i pé bàálù tó máa ń fò sókè wìì kò fẹ́ kúrò nílẹ̀ mọ́. Ooru ló sì ń mú gbogbo rẹ̀ yá. Ohun tí ẹni tó wà ní ìlú olótùútù lè ṣe láṣegbé fún oṣù kan, ẹni tó wà ní Ìbàdàn lóṣù kẹta ọdún kò lè ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kan láìjẹ́ pé bátìrì rẹ̀ fara gbá a. Ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti inú mọ́tò tí a tì pa sínú oòrùn.

Ewu kó gbiná tún wà níbẹ̀. Bátìrì tó kún tó bá gbiná burú ju èyí tó wà ní ìdajì lọ, nítorí ohun tó ní láti tú jáde pọ̀ jù. Àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfurufú mọ èyí dáadáa. Lóṣù kìíní ọdún 2013, bátìrì lítíọ́ọ̀mù inú Boeing 787 kan gbiná ní pápákọ̀ Boston, òmíràn sì rú èéfín lójú òfurufú ní Japan láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì dá gbogbo irú ọkọ̀ náà dúró. Láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ni ICAO, àjọ tó ń rí sí ètò ìrìnnà òfurufú lágbàáyé, ti pàṣẹ pé bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí ń gba iná, tí wọ́n bá fẹ́ fi ránṣẹ́ ní òun nìkan gẹ́gẹ́ bí ẹrù, kò gbọ́dọ̀ ní ju ìdá 30 nínú 100 iná rẹ̀ lọ.

Ẹlòmíràn á ní kí a kúkú fà á tán pátápátá nígbà náà. Ó tì o. Ìsàlẹ̀ ní ikú tirẹ̀. Bí fóòtì sẹ́ẹ̀lì bá ti rẹlẹ̀ jù, bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ sínú omi kẹ́míkà náà. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa rí níta lákòókò yẹn. Ọjọ́ tí a bá tún fi iná sí i ni bàbà tó ti yọ́ á lọ dì síbi tí kì í ṣe ààyè rẹ̀, tí yóò fi kan ẹ̀gbẹ́ kejì, tí iná á sì gba ibẹ̀ kọjá nínú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti jí LiPo tó ti kú dìde, bí àwọn kan ti ń ṣe, tí wọ́n á tan ṣájà pé bátìrì mìíràn ni. Bó bá tilẹ̀ gba iná, ewu ló gbà sínú.

Ìmọ̀ràn pé kí a fa bátìrì gbẹ kó tó tún gba iná kò ṣàdédé wáyé. Ìgbà kan wà tó tọ̀nà. Ní ọdún 1957, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí Colonel H. J. Taplin gbé bàálù kékeré oní-mọ́tò iná fò, bátìrì fàdákà àti síǹkì ló lò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti níkẹ́ẹ̀lì òun kádíọ̀mù, tí Waldemar Jungner ará Sweden ti ṣe láti ọdún 1899, gba ọwọ́ àwọn awakọ̀ bàálù kékeré fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lè di ọ̀lẹ bí a bá ń fi iná sí i nígbà tí èyí tó wà nínú rẹ̀ kò tíì tán, nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fà á wálẹ̀ dé bíi fóòtì kan fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. LiPo gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2000, ìmọ̀ràn àtijọ́ kò sì bá bátìrì àtijọ́ lọ. Títí di òní, ẹ lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń tún fóònù ṣe: ẹ jẹ́ kó kú pátápátá kẹ́ ẹ tó fi sí iná. Ẹ má tẹ̀ lé e.

Ó wá ku bí a ó ṣe fà á. Bí òjò bá dá, tí ojú ọjọ́ sì mọ́ díẹ̀, ọ̀nà tó dùn jù ni kí a gbé bàálù náà jáde, kí a fò ó fún ìdajì àkókò tó máa ń lò, kí a sì gbé e balẹ̀. Ẹni tó bá ní bátìrì dúróònù DJI kò ní wàhálà púpọ̀, nítorí ẹ̀rọ inú rẹ̀ máa ń fa iná ara rẹ̀ wálẹ̀ bí kò bá ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ó lè gbóná díẹ̀ lákòókò náà, kí ẹ̀rù má bà yín. LiPo lásán ni kò ní irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ṣájà LiPo ní ibì kan tí wọ́n kọ STORAGE sí. Ẹ óò so waya ńlá bátìrì mọ́ ọn, ẹ óò so pọ́lọ́ọ̀gù funfun kékeré tó ní waya tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin náà mọ́ ọn, ẹ óò yan iye sẹ́ẹ̀lì, ṣájà á sì gbé e lọ síbi tó yẹ, ì báà jẹ́ lílọ sókè tàbí wíwá sísàlẹ̀. Kò sí ọ̀nà tó ní ààbò jù ú lọ, nítorí ó mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lọ́ra. Ṣájà iMAX B6 tó wọ́pọ̀ lọ́jà lè fi wáàtì 50 kún bátìrì, ṣùgbọ́n wáàtì 5 péré ló lè fi fà á. Ìdajì 2200 mAh á tó wákàtí méjì ààbọ̀. Ẹni tó ní mẹ́fà ti ní iṣẹ́ wákàtí mẹ́rìnlá àti jù bẹ́ẹ̀ níwájú, ṣájà náà sì gbọ́dọ̀ rí iná gbà ní gbogbo àkókò náà kó tó lè ṣiṣẹ́. Níbi tí a kò ti mọ ìgbà tí wọ́n máa mú iná lọ, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Nítorí náà ni mo fi fẹ́ràn gílóòbù mọ́tò. Gílóòbù tiráfíkétà tàbí ti bíréèkì, fóòtì 12, wáàtì 21, kò sí ọjà spare parts tí ẹ kò ti ní rí i, yálà ní Ládìpò l'Ékòó tàbí Àràròmí ní Gate, n'Íbàdàn. Ẹ rí i dájú pé èyí tó ní waya tín-ín-rín tó ń pọ́n nínú dígí ni wọ́n tà fún yín, kì í ṣe LED. LED ti kún ọjà báyìí, àwọn tó ń tà á sì ń yìn ín pé kì í jẹ iná. Níbí, èyí tó ń jẹ iná gan-an ni a fẹ́.

Gílóòbù wáàtì 21 lórí bátìrì 3S ń fa bí ámpù 1.75. Bí a bá fẹ́ yọ ìdajì 2200 mAh, ìyẹn 1100, nǹkan bí ìṣẹ́jú 38 ni. Fífà yìí rọrùn fún LiPo tó lè tú ámpù mẹ́wàá-mẹ́wàá jáde lójú òfurufú. Bátìrì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní gbóná rárá. Inú gílóòbù ni gbogbo ooru máa lọ, ohun tó sì mú kí ọ̀nà yìí dára nìyẹn: ibi tó ń gbóná jìnnà sí ibi tó lè gbiná. Gílóòbù iná iwájú, wáàtì 55, á ṣe iṣẹ́ kan náà láàárín bí ìṣẹ́jú 14, àmọ́ ó ń gbóná débi pé ó lè jó tábìlì tàbí ẹní tí a bá gbé e lé. Fún ìlò ilé, 21 tó mi.

Bó bá jẹ́ 4S lẹ ní, tí fóòtì rẹ̀ jẹ́ 16.8 ní kíkún, ẹ má ṣe fi gílóòbù kan ṣoṣo sí i, á jó. Ẹ so méjì tẹ̀lé ara wọn, kí iná gba inú èkíní kó tó dé èkejì.

Ẹ fi ihò gílóòbù gidi ṣe é, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń tún rédíò ṣe bá yín fi lẹ́ẹ̀dì lẹ waya méjì mọ́ ọn, pẹ̀lú pọ́lọ́ọ̀gù XT60 tó bá ti bátìrì yín mu lẹ́nu kejì. Ara gílóòbù ni ẹ ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ má fi irin lẹ́ẹ̀dì gbígbóná kan bátìrì, ẹ má sì gé waya bátìrì láti fi nǹkan mìíràn sí i. Ẹni tó bá fi àlùmọ́gàjí gé waya pupa àti dúdú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti fọwọ́ ara rẹ̀ so ẹ̀gbẹ́ iná méjèèjì pọ̀. Irin àlùmọ́gàjí á yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Waya ńlá ni kí ẹ sì fi fà á. Àwọn waya tẹ́ẹ́rẹ́ inú pọ́lọ́ọ̀gù funfun yẹn wà fún wíwọn sẹ́ẹ̀lì, wọn kò wà fún irú iṣẹ́ yìí.

Nǹkan kan ṣoṣo ni gílóòbù kò mọ̀, ohun náà ló sì ṣe pàtàkì jù: kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ó ń tàn dáadáa ní fóòtì 12, ó ṣì ń tàn dáadáa ní 10, ojú ènìyàn kò lè fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mọ̀ pé bátìrì ti ń lọ. LiPo sì ní ìwà kan. Ó máa ń rọra wálẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láàárín, àmọ́ bó bá ti kọjá 3.5, ńṣe ló máa já lulẹ̀ lójijì. Ẹni tó bá sùn lọ nígbà tí gílóòbù ń tàn ti pa bátìrì rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ké, èyí tí wọ́n ń kì bọ pọ́lọ́ọ̀gù funfun. Ó ń fi fóòtì sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan hàn, a sì lè sọ fún un pé kó ké bí èyíkéyìí bá ti dé 3.8. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ariwo náà sì dára. Síbẹ̀, ẹ tún fi fóònù ka ìṣẹ́jú, nítorí ẹ̀rọ tí a rà ní owó pọ́ọ́kú lè parọ́. Ẹ fi mítà tó ń wọn fóòtì yẹ̀ ẹ́ wò ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá lò ó.

Kò tó kí ènìyàn wọn àpapọ̀ nìkan. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tó so pọ̀ dà bí ènìyàn mẹ́ta tó jọ ru pósí: bí ọ̀kan bá rẹ̀, àwọn méjì yòókù á máa lọ, òun ló máa ṣubú. Mítà lè kọ 11.4, kí inú ènìyàn dùn pé ó ti dé ibi ìpamọ́, nígbà tó jẹ́ pé méjì wà ní 3.95, tí ẹ̀kẹta sì ti rẹlẹ̀ dé 3.5. Bí ẹ bá tún fà á díẹ̀ sí i, ẹ̀kẹta yẹn á kú, á sì mú gbogbo bátìrì lọ. Èyí tí ẹ bá rí tó ń ṣáájú àwọn yòókù wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹ kọ ọ́ sí ara bátìrì náà, kí ẹ má sì fi bátìrì bẹ́ẹ̀ gbé bàálù tó níye lórí mọ́.

Bí ẹ̀rọ bá ti ké, ẹ yọ gílóòbù, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Fóòtì á ti gbéra díẹ̀, torí pé ẹrù ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. 3.82 tàbí 3.83 dára púpọ̀. Kò sí ìdí láti máa lé e kiri.

Ní ti ibi tí a ó ti ṣe é, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tàbí táìsì ni, níta bí ó bá ṣeé ṣe, lábẹ́ ibòji. Fàráńdà dára, ṣùgbọ́n ẹ wo fàráńdà yín dáadáa kẹ́ ẹ tó jókòó síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé wa ló jẹ́ pé ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo wà, sìlíńdà gáàsì sì lè wà nítòsí fèrèsé ilé ìdáná. LiPo kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ wọn. Inú ìkòkò amọ̀ tí a da yanrìn gbígbẹ sí nísàlẹ̀ ni ó yẹ kí bátìrì wà nígbà tí a bá ń fà á, àti nígbà tí a bá fi í pamọ́ pẹ̀lú. Amọ̀ kì í jó. Ẹ lè gbé ọmọrí lé e, àmọ́ ẹ má ṣe dè é pa, kí gáàsì lè rọ́nà jáde bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kí garawa yanrìn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, bí èyí tí wọ́n máa ń kọ́ sí ilé epo. Bí bátìrì bá bẹ̀rẹ̀ sí wú lójú yín tàbí tó rú èéfín, ẹ da yanrìn bò ó, kí ẹ sì kó àwọn ọmọdé àti ara yín kúrò níbẹ̀ kíá. Èéfín yẹn lóró. Hydrogen fluoride wà nínú rẹ̀, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bátìrì kò tó ohun tí ènìyàn ń dúró mí èéfín sí nítorí rẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi mọ́tò bàálù fúnra rẹ̀ fa iná, wọ́n á di bàálù mọ́ tábìlì, wọ́n á sì jẹ́ kí abẹ rẹ̀ máa yí nínú yàrá. Mo kórìíra ọ̀nà yìí tọkàntọkàn. Abẹ bàálù kékeré lè gé ìka ọwọ́ ọmọdé, mọ́tò tí kò sì rí atẹ́gùn ìrìn máa ń gbóná kọjá ààlà. Fíríìjì náà kì í ṣe ibi ìpamọ́ fún wa. Bí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, omi á máa sẹ̀ sí ara bátìrì.

Àwọn ará wa tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá ní ìdí mìíràn láti fa iná bátìrì wọn wálẹ̀. Bátìrì LiPo tí ò sí nínú ẹ̀rọ, tí kò ju wáàtì-wákàtí 100 lọ, inú báàgì ọwọ́ ni òfin ní kó wà, kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù tí wọ́n ń gbé sísàlẹ̀ ọkọ̀. 3S 2200 mAh kò dé ìdá mẹ́ta iye yẹn. Nítorí pé ọ̀dọ̀ yín ló máa wà nínú ọkọ̀, ẹ fà wọ́n wálẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò, kí ẹ fi téèpù bo ẹnu waya kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀.

Fún bátìrì tó ti wú, tàbí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kan ti kú, òfin yí padà. Èyí nìkan ni à ń fà dé òdo, nítorí kò ní gba iná mọ́ láé. Àwọn kan ní kí a sọ ọ́ sínú omi iyọ̀. N kò fara mọ́ ọn: iyọ̀ máa ń jẹ ẹnu waya kó tó fa iná inú sẹ́ẹ̀lì tán, bátìrì á wá dà bí òkú nígbà tó ṣì wà láàyè, gáàsì tó sì ń jáde nínú omi náà kò dára fún mímí. Gílóòbù kékeré, wáàtì 5, ni kí ẹ so mọ́ ọn láàárọ̀, níta gbangba, nínú ìkòkò yanrìn, kí ẹ sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ má sọ ọ́ sí ààtàn. Bí ọkọ̀ tó ń kó pàǹtírí bá tẹ LiPo tó ṣì ní iná nínú, ó lè dáná, àwọn ọmọ tó ń sun waya ní ààtàn láti yọ bàbà kò sì mọ ohun tó wà nínú àpò fàdákà yẹn. Ọwọ́ àwọn tó ń gba àwókù ẹ̀rọ iná lọ́nà òfin, lábẹ́ ètò EPRON, ẹgbẹ́ àwọn olùpèsè ẹ̀rọ iná tó ń rí sí àwókù wọn, àti NESREA, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin àyíká, ló yẹ kó dé. Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ tún fi mítà wò ó lọ́jọ́ kejì, nítorí fóòtì rẹ̀ a máa gbéra padà lóru. Bó bá gbéra, ẹ so gílóòbù mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan sí i títí yóò fi dúró sí òdo, lẹ́yìn náà kí ẹ wé téèpù dúdú mọ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ara rẹ̀ pé ó ti kú.